Ọgbọ́n Corinne Lẹ́nu Wendell

Olè tí wọ́n ká adìyẹ mọ́ lọ́wọ́ lè sọ pé ebi ló ń pa òun. Ẹni tí wọ́n bá ká ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n mọ́ lẹ́nu ńkọ́, kí ni yóò sọ? Wendell Stoltz mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí ju ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo Pittsburgh, ìdáhùn náà sì ni pé kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló kọ́kọ́ dé kí ìtìjú tó dé, ìsọ̀ ìwé Àǹtí Ottilie Baird ló sì ti dé.

Wendell ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní kẹ́mísírì. Iṣẹ́ tí ó dá a lójú pé Ọlọ́run tìtorí rẹ̀ dá òun yàtọ̀ sí ìyẹn: kí ó máa ṣàlàyé Ọ̀jọ̀gbọ́n Cato Verrill fún aráyé. Verrill yìí kì í ṣe ẹlẹ́ran ara o. Akọni inú ìwé alàwòrán ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ń gba ayé là lóṣooṣù. Kì í fò, ìbọn sì ń ràn án; ọpọlọ nìkan ló fi ń ṣẹ́gun. Ilé-iṣẹ́ kejì tí ń bá àwọn tó ń tẹ ìwé Verrill jáde figa gbága ní ọlọ́pọlọ tiwọn náà, Dókítà Ezra Lunt. Lunt náà ń gbé inú yàrá ẹ̀rọ, Lunt náà ò ní agbára kankan ju ọpọlọ lọ, ìyàwó Lunt náà sì kú nínú ìbúgbàù tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì tí ìyá kan kò gbà pé òun bí. Láti ìgbà tí àwọn baba ti ń ka ìwé wọ̀nyí ni ìjà ti wà nílẹ̀: nínú Verrill àti Lunt, ta ló gbọ́n jù?

Wendell ní Verrill ni. Ó ti sọ ọ́ ní àpéjọ, ó ti sọ ọ́ níbi òkú, ó ti sọ ọ́ fún dókítà eyín nígbà tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ tí irin sì wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú ni ìwé tuntun máa ń dé. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí lábẹ́ káńtà Àǹtí Ottilie, orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni ìyá náà ń bá a kó ìwé tó bá yàn sí. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan àpótí ẹnìkejì. Bí oníbàárà méjì bá fẹ́ra, Àǹtí Ottilie á da àpótí wọn pọ̀ di ọ̀kan. Ó ní ó lágbára ju òrùka lọ, torí òrùka ṣe é tà.

Ní Ọjọ́rú kan nígbà òtútù, Wendell ṣí àpótí rẹ̀, Lunt ló bá níbẹ̀.

“Àǹtí Ottilie, ta ló fi ẹ̀gbin yìí sínú àpótí mi?”

“Ọwọ́ mi ló ṣì. Ti obìnrin tó dúró lẹ́bàá fèrèsé yẹn ni, tìẹ ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ gbà á. Kí o sì túra ká kí o tó débẹ̀, ojú rẹ dà bíi ti ẹni tó gbé kóró ọsàn mì.”

Ọwọ́ Àǹtí Ottilie kò ṣì rí láti ọjọ́ tó ti ṣí ìsọ̀ náà. Gbogbo oníbàárà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ àyàfi Wendell, ẹni tó gbọ́n jù nínú wọn.

Obìnrin náà ni Corinne Hlavaty, dókítà ẹranko. Irun ajá wà lára aṣọ òtútù rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀ bí ẹni ń fi nǹkan pamọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ó jọ pé Verrill mi wà lọ́wọ́ yín.”

“Òun rèé. Mo ti ń wá ibi tí n ó ti fọwọ́. Wọ́n ní ìgbéraga rẹ̀ máa ń ràn.”

“Kì í ṣe ìgbéraga. Ó dá ara rẹ̀ lójú ni.”

“Hùn. Orúkọ tí gbogbo wọn máa ń pè é nìyẹn.”

Wendell fẹ́ bínú, kò rí i bí. Ó bi í léèrè ohun tí Lunt ṣe rí tí Verrill ò kọ́kọ́ ṣe, obìnrin náà dáhùn. Wendell ta kò ó. Obìnrin náà yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ po bí ẹni yí ìbọ̀sẹ̀ inú síta. Wọ́n ń bá a lọ títí Àǹtí Ottilie fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ Àǹtí Ottilie tún ṣì. Ó ṣì títí yìnyín fi yọ́.

*

Lọ́jọ́ kan nígbà tí òdòdó ti ń yọ, wọ́n jókòó létí odò, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì gàgàrà tí wọ́n há ẹran àti ọ̀dùnkún díndín mọ́ nínú. Corinne yọ ìwé Lunt àtijọ́ kan nínú àpò rẹ̀, ó ṣí i.

“Wo ojú-ìwé yìí.”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

“Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni. Wò ó dáadáa.”

Wendell wò ó. Lunt dá wà nínú yàrá tó ti bàjẹ́, ó ń gbá àwókù ìgò. Láti òkè ojú-ìwé dé ìsàlẹ̀, ó kàn ń gbálẹ̀. Wendell ti ka ìwé yìí kí ó lè bú u, ó sì ti kà á láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ojú-ìwé tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń fò ó bí ìgbà tí ènìyàn ń fo kòtò.

“Ọjọ́ tí yàrá ẹ̀rọ Verrill bú gbàù,” ni Corinne wí, “ó lọ síbi ìsìnkú, ó sọ̀rọ̀ ojú-ìwé mẹ́ta gbáko. Ó dùn, n ò ní purọ́, mo sunkún. Ti Lunt bú gbàù, ìgbálẹ̀ ló mú. Ọpọlọ wọn dọ́gba, Wendell. Bí nǹkan bá bàjẹ́, Verrill á wo ẹni tó ń wo òun, Lunt á wo nǹkan tó bàjẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀.”

Ìfẹ́ obìnrin náà kọlù Wendell níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ìrọ̀rí gbá a láyà. Ohun kejì kọlù ú pẹ̀lú, kékeré, ó tutù: ó dùn ún pé òun kọ́ ni òun sọ ọ́.

“O ò sọ nǹkan kan,” ni Corinne wí.

“Mo ń wo ojú-ìwé ni.”

Obìnrin náà fi orí lé èjìká rẹ̀. Ohun tó rò pé ọkùnrin náà ń ṣe nìyẹn lóòótọ́.

*

Ìyá Corinne kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ Wendell. Irma Hlavaty ni ìyá náà ń jẹ́, opó ni, a sì mọ̀ ọ́n ní gbogbo ìjọ rẹ̀ lórí òkè Troy Hill bí ẹni tí kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Ní ìlú wọn, ìgbéyàwó kì í dúró láìsí tábìlì bisikíìtì. Àwọn ìyá àti àwọn àǹtí ìhà méjèèjì á máa yan bisikíìtì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n á tò ó bí òkè, àlejò á jẹ, á sì di tilé. Ìyá ìyàwó tí kò bá tan ààrò rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ayé pé òun kò fọwọ́ sí i, kò sì tíì la ẹnu.

“Bí o bá fẹ́ ẹ, n ò ní tan ààrò,” ni Irma wí. Ó ń na ìyẹ̀fun fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Corinne sì ń ran án lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ ò tíì rí i rí.”

“Mo ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá ènìyàn inú ìwé jà, ìgbà wo ni yóò ráàyè bá ọ kó ilẹ̀? Bàbá rẹ náà lẹ́nu. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo wá títí ó fi kú.”

Corinne wá sọ ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ náà fún un, kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú àwọn ìwé ọ̀hún. Irma dá ọwọ́ dúró lórí ìyẹ̀fun.

“Ìyẹn dára,” ni ó wí. “Ìwọ lo rò ó?”

“Èmi ni.”

“Ó jọ ọ́.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í na ìyẹ̀fun. “Ó dáa. Mú mi lọ síbi tí ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀. N ó gbọ́ ọ.”

Àpéjọ ọdọọdún àwọn olólùfẹ́ ìwé akọni ni wọ́n lọ, ní gbọ̀ngàn ńlá létí odò. Irma wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó di báàgì mú lórí orúnkún, ó jókòó láàárín Corinne àti ọkùnrin kan tó múra bí akọni, tó lẹ ìyẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Lórí pèpéle, Wendell ń jà fún Verrill, ọkùnrin kan láti Cleveland ń jà fún Lunt. Ti Cleveland yìí mọ̀ ọ́n sọ. Ó pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, Wendell sì rí i tí ilẹ̀ ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Ó la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe tirẹ̀.

“Ẹ̀yin ará,” ni ó wí, “a ti ń bi ara wa ní ìbéèrè tí kò tọ́. Ọpọlọ wọn dọ́gba.” Ó sì ṣí ojú-ìwé tí kò sí ọ̀rọ̀ náà fún wọn, ó sọ ti ìgbálẹ̀, ó sọ ti ẹni tó ń wo ẹni tó ń wò ó. Ó tilẹ̀ sọ pé òun sunkún. Àtẹ́wọ́ dà bí òjò. Ọkùnrin Cleveland fúnra rẹ̀ dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Wendell wo ìlà kẹta. Corinne ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé wọn ò ní pẹ́ pe orúkọ òun. Wendell rí i. Orúkọ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó sì gbé e mì.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èrò béèrè ìbéèrè, ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì dìde.

“Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ta ló sọ ọ́ fún yín?”

Ṣé Ọlọ́run kúkú ṣàánú ènìyàn ju báyìí lọ? Ilẹ̀kùn là gbayawu níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà ṣì ń gbóná ní etí Wendell.

“Èmi fúnra mi ni mo ṣàkíyèsí rẹ̀, mà.”

“Ẹ ṣeun,” ni ìyá náà wí, ó jókòó. Corinne kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé ìborùn tó já bọ́ lọ́rùn ìyá náà, ó wé e padà fún un bí ọmọ ti ń ṣe fún ìyá rẹ̀, Wendell sì mọ ẹni tí òun purọ́ fún.

Ó lé wọn bá níta.

“Corinne, jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“Mo ń retí pé kí o dárúkọ mi. Ṣé o rí mi?”

Ó wu Wendell kó purọ́ kejì. “Mo rí ọ.”

“Ohun tó dùn mí jù nìyẹn,” ni Corinne wí. “Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ.”

*

Ìtìjú kì í pa ènìyàn. Ì bá rọrùn bí ó bá ń pa á. Bí Wendell bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, tí ọmọ kan bá bi í pé, “Ọ̀gá, ta ló ṣàwárí ìyẹn?” ara rẹ̀ á gbóná wá láti ọrùn dé etí. Àwọn tó gbọ́ ọ ní àpéjọ ń kí i lójú títì. Oríyìn kọ̀ọ̀kan ń wọlé sí i lára bí ẹ̀gún. Ní ìsọ̀ Àǹtí Ottilie, ọwọ́ ìyá náà kò ṣì mọ́.

Nígbà tí òtútù tún padà dé, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ọjọ́rú kan tí ìsọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, tí Corinne sì wà níbẹ̀, ó gun orí àpótí kan, ó jẹ́wọ́. Ẹ má rò pé ó jẹ́wọ́ wẹ́rẹ́. Ó pe ara rẹ̀ ní olè, ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀, ó pe Corinne ní ìràwọ̀ tí òkùnkùn òun bò mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n níbi tó yẹ kó ti gbọ̀n. Nígbà tó parí, ẹnì kan nu ojú. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Corinne gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lórí káńtà, ó jáde.

“O mọ̀rọ̀ọ́ sọ,” ni Àǹtí Ottilie wí.

“Ẹ ṣeun, mà.”

“N ò kí ọ. Ojú-ìwé mélòó nìyẹn? Mẹ́ta?”

Wendell sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Àpótí náà dà bí ẹni pé ó ga ju ìgbà tó gùn ún lọ.

“Kí ni kí n wá ṣe, Àǹtí?”

“Mo ta ìwé fún ọ láti kékeré, o tún fẹ́ kí n bá ọ kà á?” Ó ti àpótí rẹ̀ padà sábẹ́ káńtà. “Ìyá rẹ̀ lo purọ́ fún lójú. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì àkókò ààwẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń din ẹja tà. Má gun nǹkan kan níbẹ̀ o.”

Ní ọjọ́ Ẹtì, Wendell tò sórí ìlà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà bíi gbogbo ènìyàn. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu láti ilé. Nígbà tó kan òun, Irma ló wà nídìí tábìlì, síbí ńlá lọ́wọ́.

“Mà, mo wá láti—”

“Ẹja àbí ọ̀dùnkún?”

“Mà, lọ́jọ́ yẹn—”

“Ọ̀gbẹ́ni, àwọn ènìyàn ń bẹ lẹ́yìn rẹ.”

Ọ̀rọ̀ tó tò jọ tú ká. Ó wo ẹ̀yìn ìyá náà, ó rí òkìtì àwo tó dọ̀tí, ó ga dé àyà ènìyàn.

“Ṣé ẹ ní ẹni tó ń fọ àwo?”

Irma wò ó títí. Ó fi síbí júwe ọ̀nà.

Ó fọ àwo títí ìka rẹ̀ fi hunjọ. Ó padà wá ní ọjọ́ Ẹtì kejì, àti ìkẹta. Kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́. Nígbà mìíràn, bí ó bá ti ń fi kànìnkànìn ha páànù, á rí ara rẹ̀ lójú inú bí àwòrán, ọkùnrin kan tó dá wà láàárín èéfín, tí kò sọ nǹkan kan, tó lẹ́wà púpọ̀. Á wá mọ ohun tí òun ń rò, ojú á sì tì í lójú ara rẹ̀ débi pé á ha páànù náà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ṣé kí Corinne lè gbọ́ ni òun ṣe wá? Kò lè búra pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kìkì ohun tó mọ̀ ni pé àwo ń bẹ nílẹ̀, wọ́n sì dọ̀tí.

Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹnì kan mú aṣọ ìnuwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwo. Irun ajá wà lápá aṣọ rẹ̀.

“Màmá ò sọ fún mi,” ni Corinne wí. “Àǹtí Ottilie ni. Ó ní òórùn ẹja ọwọ́ rẹ ti ń wọ ìwé tuntun òun lára.”

“Mi ò ní kó sọ.”

“Mo mọ̀. Ó ní o ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, pé ara ìsọ̀ ti balẹ̀.”

Wọ́n fọ àwo, wọ́n nù ún. Wendell kò wo ojú rẹ̀.

“Ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti ń rò pé mo jọ Verrill,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Mo jọ ọ́ lóòótọ́. Ọpọlọ rẹ̀ nìkan ni wọn ò fún mi.”

Corinne nu àwo méjì. Ó wá rẹ́rìn-ín, omijé díẹ̀ sì bá a jáde.

“Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán,” ni ó wí.

“Àwo náà ò tíì tán.”

*

Ọdún kejì ni wọ́n tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí ewé ń pọ́n lórí igi. Irma kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Orúkọ Wendell kò tíì gba ẹnu rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. “Ọ̀gbẹ́ni” ló ń pè é. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: “Kí ó yan bisikíìtì àwo kan fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́. Mo fẹ́ rí ohun tó jẹ́ tirẹ̀.”

Corinne bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ máa yan bisikíìtì. Irma ní òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, tábìlì bisikíìtì gùn láti ògiri dé ògiri. Àwọn àǹtí Wendell yan, àwọn ìyá ìjọ yan, Àǹtí Ottilie yan èyí tó rí bí ìdì ìwé. Ó ti kọ̀ láti da àpótí àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ní òun ń wo ààrò kan bóyá wọn yóò tàn án. Àárín tábìlì gan-an, níbi tó jẹ́ ti ìyá ìyàwó, ṣófo, gbogbo ẹni tó wọlé ló rí i, tí wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè òfìfo náà ni àwo Wendell wà. Bisikíìtì inú rẹ̀ wọ́, òmíràn tẹ́ pẹrẹsẹ bí bébà, gbogbo wọn sì dúdú nídìí.

Irma wọlé nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, báàgì lápá, ọwọ́ kejì lásán. Ó rìn gba etí tábìlì bí ọ̀gá ológun, ó dúró níwájú àwo tó burú jù níbẹ̀. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, ohùn ọjọ́ àpéjọ gan-an:

“Ọ̀gbẹ́ni. Ta ló ṣe èyí?”

Ẹ̀gbẹ́ àwo náà ni èyí tí àǹtí Wendell yan wà, ó rẹwà bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo ojú wà lára Wendell. Etí rẹ̀ gbóná, àti ọrùn rẹ̀, bí ó ti máa ń gbóná.

“Èmi ni, mà. Ó jóná nídìí.”

Irma mú ọ̀kan. Ó gé e jẹ, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ka ìwé.

“Ó jóná lóòótọ́,” ni ó wí. Ó jẹ ìyókù rẹ̀, ó gbọn ọwọ́, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. “Ẹ kó tèmi wọlé láti inú ọkọ̀.”

Páànù ń wọlé léra léra, ẹni mẹ́rin ló ń rù wọ́n. Àǹtí Ottilie jókòó wọ̀ọ̀ lórí àga, ó ń wá aṣọ ìnujú.

Wendell ti kọ ọ̀rọ̀ kan fún ọjọ́ náà, ó gùn, ó wà nínú àpò aṣọ rẹ̀. Ó la ẹnu.

“Wendell,” ni Irma wí, “sún tìrẹ kúrò níbẹ̀ díẹ̀ kí tèmi ráàyè.”

Wendell pa ẹnu dé, ó sì sún un.